Bí Ẹ Ṣe Lè Gé Sàláàdì Sílẹ̀ Lálẹ́, Tí Kò Ní Ṣomi Títí Dọ̀sán Ọjọ́ Kejì

Ìbéèrè kan wà tẹ́ ẹ kì í yé bi mí, pàápàá tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ sọmọ lórúkọ: ṣé èèyàn lè gé sàláàdì sílẹ̀ lálẹ́, kó gbé e jáde fáwọn àlejò lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kó má sì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ sínú omi? Ó ṣeé ṣe dáadáa. Kódà èmi gbà pé sàláàdì tí wọ́n ti tọ́jú sílẹ̀ lálẹ́ máa ń dáa ju èyí tí wọ́n ń fi ìkánjú gé láàárọ̀ lọ, tí ọbẹ̀ ń jó nísàlẹ̀ ìkòkò, tí ìrẹsì ò tíì jinná, táwọn àlejò sì ti ń kan géètì.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni pé omi ló ń ba sàláàdì jẹ́. Omi tẹ́ ẹ fi fọ ewé tí kò gbẹ, omi tó wà nínú kùkúńbà, omi inú agolo, omi tí iyọ̀ fà jáde. Tẹ́ ẹ bá ti lè kápá àwọn omi yìí, ẹ sùn ẹ sinmi, ẹ máa jí bá sàláàdì tẹ́ ẹ ṣì lè rún wómúwómú lẹ́nu.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà

Èyí á tó èèyàn 8 sí 10, tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì tàbí mọ́ínmọ́ín lẹ máa gbé e sí:

- Létúùsì ìdì ńlá 2
- Kábéèjì kékeré 1 (ìdajì ẹ̀ la máa lò)
- Kùkúńbà 2, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ mú
- Kárọ́ọ̀tì 4 tàbí 5
- Gíríìn pẹ́pà 1
- Àlùbọ́sà eléwé, ìdì kékeré kan
- Ẹyin 6
- Àgbàdo alágolo 1, tẹ́ ẹ bá fẹ́
- Sàláàdì kíríìmù ìgò 1, tàbí kẹ́ ẹ po èyí tí mo kọ sísàlẹ̀ pọ̀
- Tíṣù ilé ìdáná, èyí tó nípọn, tàbí aṣọ funfun mímọ́ 2

Mi ò kọ tòmátì síbẹ̀, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Tòmátì tẹ́ ẹ gé lálẹ́, omi ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kún abọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀, ẹ gé e lórí rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé oúnjẹ jáde gan-an.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà

Púpọ̀ nínú kábéèjì àti létúùsì tó ń wọ Mile 12 l'Ékòó àti Bódìjà n'Íbàdàn, láti apá Jos ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ńlá kó o wá, kó tó dọ́dọ̀ yín ó ti jẹ oòrùn lójú ọ̀nà, torí náà ẹ tètè lọ láàárọ̀, kí ooru ọ̀sán tún tó bá a lórí àtẹ.

Ẹ yí létúùsì dojú dé kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e kúrò nílẹ̀. Tójú ibẹ̀ bá ṣì funfun, tẹ́ ẹ tiẹ̀ rí omi funfun díẹ̀ tó ń sun níbẹ̀, wọn ò tíì pẹ́ gé e. Tó bá ti pọ́n rúsúrúsú tàbí tó ti dúdú, ó ti pẹ́, kò sí bí ìyá tó ń tà á ṣe lè bú omi lé e lórí tó. Ihò kéékèèké tí kòkòrò jẹ ò ṣe nǹkan kan. Èyí tí ewé ẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ tó sì ti ń rùn díẹ̀ lẹ ò gbọ́dọ̀ rà, ọjọ́ kan péré ló máa fi ba ìyókù jẹ́.

Kábéèjì tó bá wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lójú lọ ló dáa. Ẹ fọwọ́ tẹ kùkúńbà lórí méjèèjì, tí ibì kan bá rọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kárọ́ọ̀tì, ẹ ṣẹ́ ìrù ẹ̀ wò, ó yẹ kó dún.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò kà sí. Àwọn tó ń ta létúùsì máa ń wọ́n omi sí i kó má bàa rọ, ìyẹn ò burú, àmọ́ ẹ má wá dì í pẹ̀lú omi yẹn sínú ọ̀rá dúdú kẹ́ ẹ so ó lẹ́nu pinpin, kẹ́ ẹ jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ kẹ́ ẹ máa lọ ra ẹja àti ẹran. Ooru á sè é síbẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ rà gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kẹ́nu ọ̀rá ẹ̀ là sílẹ̀.

Lálẹ́: iṣẹ́ tó pọ̀ jù nìyí

Ká ní Sọ́ńdè lọ́sàn-án lẹ fẹ́ jẹ ẹ́, alẹ́ Sátidé lẹ máa ṣe ìwọ̀nyí. Tẹ́ ẹ bá fi ọkàn balẹ̀, kò ní gbà yín ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ, àkókò tí ewé fi ń gbẹ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ se ẹyin. Ẹ kó o sínú omi tútù, ẹ gbé e kaná, tó bá ti ń hó ẹ ka ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ kó o sínú omi tútù míì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi tútù yìí ló ń jẹ́ kí èèpo ẹ̀ tètè bó, òun náà ni kì í jẹ́ kí àwọ̀ ewé yẹn yí pupa ẹyin ká, torí àsèjù ló ń fa ìyẹn. Ẹ má bó o lálẹ́. Tó bá ti tutù, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì pẹ̀lú èèpo ẹ̀.

2. Ẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó tẹ́ ẹ máa gé nǹkan lé. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé adìyẹ tútù tàbí ẹran lórí pátákó yẹn, ẹ wá òmíì, tàbí kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná bó o dáadáa. Ọbẹ̀ máa lọ sórí iná, iná á pa kòkòrò àìsàn tó bá wà lára ẹran, àmọ́ sàláàdì ò rí iná títí tó fi ń wọnú èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mi ò kì í fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó sàláàdì ṣeré rárá, pàápàá tí aláboyún, ọmọdé tàbí àgbàlagbà bá máa jẹ níbẹ̀.

3. Ẹ ya ewé létúùsì níkọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ìdí ẹ̀ kúrò, kí gbogbo ewé tú ká. Ewé méjì tàbí mẹ́ta tó wà níta jù, ẹ dà á nù. Ẹ má gé e wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́ o, tẹ́ ẹ bá gé e kẹ́ ẹ tó rì í sómi, omi á gba ojú ibi tẹ́ ẹ gé wọlé.

4. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀. Ẹ bu omi tó mọ́, irú èyí tẹ́ ẹ lè mu, sínú abọ́ ńlá. Ẹ kó ewé sí i, ẹ fọwọ́ rú u díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí yanrìn lè wálẹ̀. Ẹ fọwọ́ kó ewé jáde látòkè, ẹ ò gbọ́dọ̀ da abọ́ náà dé sínú asẹ́, tẹ́ ẹ bá dà á báyẹn, gbogbo yanrìn tó ti wà nísàlẹ̀ lẹ tún dà padà sórí ewé. Ẹ da omi yẹn nù, ẹ bu òmíì, kẹ́ ẹ tún un ṣe títí tẹ́ ẹ fi máa fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ abọ́ tí kò ní sí yanrìn kankan níbẹ̀. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ lára ẹ̀, ó lè tó ìgbà mẹ́rin.

5. Ẹ rì í sínú omi iyọ̀ tàbí omi fínígà. Iyọ̀ ṣíbí kan nínú abọ́ omi ńlá, tàbí fínígà ìdá kan sí omi ìdá mẹ́ta, fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Àwọn kòkòrò kéékèèké tó há sáàárín ewé á jáde, á sì dín ohun tójú ò rí kù, àmọ́ kì í pa gbogbo ẹ̀ tán, torí náà fífọ̀ tẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ yẹn ni kókó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án. Ọṣẹ abọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ ò sí níbí yìí o, mo mọ̀ pé àwọn kan ń lò ó, ewé máa ń fa ọṣẹ yẹn mu, ẹ̀yin lẹ sì máa jẹ ẹ́.

6. Ẹ fọ àwọn tó kù. Kùkúńbà, kárọ́ọ̀tì, gíríìn pẹ́pà, àlùbọ́sà eléwé: ẹ fọwọ́ ha ara wọn lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Kábéèjì, ẹ ṣí ewé òkè kúrò, ẹ gé e sí méjì kẹ́ ẹ wo àárín ẹ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣàn án.

Tí létúùsì yín bá ti rọ díẹ̀ kó tó délé, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Ẹ fi áìsì sínú omi tẹ́ ẹ máa fi ṣàn án kẹ́yìn, ẹ fi ewé sínú ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 15, á mumi, á tún le padà. Èyí tó ti ń yọ̀ nìkan ni kò sí oògùn fún.

Gbígbẹ ewé: ibí ni kẹ́ ẹ ti ní sùúrù

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé sàláàdì àwọn ṣomi, ibí ló ti bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e sínú asẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á ní ó ti ro. Omi tó wà lára ẹ̀ ti ro lóòótọ́, àmọ́ èyí tó fara pamọ́ sínú kíká ewé ò lọ síbì kankan, òun lẹ máa rí nísàlẹ̀ abọ́ lọ́jọ́ kejì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé:

1. Ẹ kó ewé sínú asẹ́, ẹ dà á dé kí ẹnu ewé kọjú sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ máa gbọn asẹ́ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí tábìlì, ẹ to ewé sí i níkọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ gun ara wọn lórí. Ẹ fi aṣọ kejì bò ó, kẹ́ ẹ rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ni o, ẹ má fún un.
3. Ẹ ṣí i, ẹ fi tíṣù nu ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, níbi tó funfun tó sì nípọn yẹn, ibẹ̀ lomi máa ń dúró sí jù.
4. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀. Tí fáànù bá wà, ẹ tan án, ìṣẹ́jú 10 ti tó, tó bá pẹ́ jù ewé máa rọ.

Àwọn tí ò láyè títo ewé lè kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò ìrọ̀rí tuntun tó mọ́, kí wọ́n di ẹnu ẹ̀ mú gírígírí, kí wọ́n jáde síta, kí wọ́n sì máa fì í yípo. Omi á máa ta jáde lára aṣọ. Ó máa ń yá, ó sì máa ń gbẹ dáadáa, àwọn ọmọdé fẹ́ràn kí wọ́n bá yín ṣe é.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ: ẹ mú tíṣù gbígbẹ, ẹ fi di ewé kan mọ́ ọwọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wo tíṣù náà. Tó bá tutù débi tó fi lẹ̀ mọ́ ewé, ẹ padà sídìí iṣẹ́. Tó bá jẹ́ àmì omi tíńtín ló wà níbẹ̀, ẹ lè máa bá a lọ.

Gígé àti títọ́jú mọ́jú

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ gé gbogbo nǹkan lálẹ́. Àwọn kan lè dúró, àwọn kan ò lè dúró.

*Létúùsì:* èmi ò ní gé e wẹ́wẹ́ lálẹ́. Ẹ fi odidi ewé sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fọwọ́ ya á sí ńlá ńlá. Ibi tí ọ̀bẹ bá gbà lára létúùsì ló máa ń pọ́n, bẹ́ ẹ bá sì ṣe gé e wẹ́wẹ́ tó lojú ọgbẹ́ ṣe máa pọ̀ tó. Gígé ẹ̀ láàárọ̀ ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ló dé tẹ́ ẹ máa fi ba ewé jẹ́.

*Kábéèjì:* ẹ gé e tín-ín-rín lálẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan, ara ẹ̀ le. Àwọn mélòó kan fẹ́ràn kó rọ̀ díẹ̀, ìyẹn náà ni àárọ̀ máa fún yín.

*Kárọ́ọ̀tì:* ẹ rin ín tàbí kẹ́ ẹ gé e. Tó bá jẹ́ ẹ rin ín, ẹ gbé e sórí tíṣù kó fa omi ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó bò ó.

*Kùkúńbà:* ẹ là á sí méjì lóròó, ẹ fi ṣíbí tíì fa gbogbo kóró àárín ẹ̀ kúrò. Àárín yẹn lomi wà jù. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gé ìyókù. Tẹ́ ẹ bá máa gé e lálẹ́, abọ́ tiẹ̀ ọ̀tọ̀, tíṣù nísàlẹ̀, tíṣù lókè. Èmi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ fi í di àárọ̀, tẹ́ ẹ bá ráyè. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níbi ìdí ẹ̀, èyí tó bá korò, kíkorò ẹ̀ máa wọ gbogbo sàláàdì.

*Gíríìn pẹ́pà àti àlùbọ́sà eléwé:* ẹ lè gé wọn lálẹ́, àmọ́ ẹ de àlùbọ́sà mọ́ abọ́ tiẹ̀ pinpin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òórùn ẹ̀ á wọ létúùsì, á wọ wàrà, á wọ ohun gbogbo tó wà nínú fíríìjì yín.

*Àgbàdo alágolo:* ẹ má ṣí i lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ dà á kúrò nínú agolo sínú abọ́ tó ní ìdérí kẹ́ ẹ tó gbé e sí fíríìjì.

Wàyí o, bẹ́ ẹ ṣe máa kó o sí fíríìjì:

1. Ẹ wá abọ́ oníke tó fẹ̀ tó sì ní ìdérí. Ẹ tẹ́ tíṣù gbígbẹ sísàlẹ̀ ẹ̀.
2. Ẹ to létúùsì sí i láìkì í mọ́lẹ̀. Tó bá dé ìdajì, ẹ tún tẹ́ tíṣù míì, kẹ́ ẹ to ìyókù.
3. Tíṣù kan lókè pátápátá, kẹ́ ẹ wá dé e. Omi tó bá sun jáde lóru, tíṣù ló máa fà á mu, kò ní padà sára ewé.
4. Ohun kọ̀ọ̀kan tó kù, abọ́ tiẹ̀ tàbí ọ̀rá tiẹ̀.
5. Ẹ gbé létúùsì sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, níwájú. Ẹ má tì í mọ́ ògiri ẹ̀yìn, yìnyín ń mú níbẹ̀, ewé tí yìnyín bá sì ti mú, tó bá yọ́, ó di jọ̀wọ̀lọ̀ nìyẹn.
6. Ápù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àti tòmátì ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó máa ń jẹ́ kí létúùsì tètè ní àbààwọ́n.

Bẹ́ ẹ bá ṣe é báyìí, létúùsì tó gbẹ dáadáa lè tó ọjọ́ 3 nínú fíríìjì tó ń tutù bó ṣe yẹ, ìyẹn 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì náà ń tó bẹ́ẹ̀. Kùkúńbà tẹ́ ẹ gé, ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ kan.

Iyọ̀ ò sí lálẹ́ o

Mo yà á sọ́tọ̀ torí ó ṣe pàtàkì. Yàtọ̀ sí omi iyọ̀ tẹ́ ẹ fi fọ ewé tẹ́ ẹ sì ti ṣàn kúrò, ẹ má fi iyọ̀, máàgì tàbí sàláàdì kíríìmù sára ohunkóhun lálẹ́. Iyọ̀ máa ń fa omi inú ewé àti kùkúńbà jáde ni, kíríìmù sì ní iyọ̀ àti fínígà nínú. Ẹni tó bá pò ó pọ̀ lálẹ́ Sátidé, ọbẹ̀ lá bá ní Sọ́ńdè.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́

1. Nǹkan bíi wákàtí kan kó tó di pé ẹ gbé oúnjẹ jáde, ẹ bó ẹyin, ẹ gé e sí roboto tàbí sí mẹ́rin. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, ẹyin tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ń mú kí létúùsì làágùn.
2. Ẹ gé létúùsì báyìí, pẹ̀lú ọ̀bẹ tó mú. Ọ̀bẹ kúkúrú tó ti kú máa ń tẹ ewé fọ́ ni, kì í gé e.
3. Ẹ ṣí àgbàdo, ẹ sẹ́ omi ẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó ro. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀wà alágolo náà wà nínú tiyín, bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe l'Ékòó, abọ́ ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí kálukú bù ú fúnra ẹ̀, torí ọbẹ̀ pupa inú ẹ̀ ló ń sọ sàláàdì di jọ̀wọ̀lọ̀ kíákíá.
4. Ẹ to gbogbo ẹ̀ sínú abọ́ ńlá: kábéèjì nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà kárọ́ọ̀tì, àgbàdo, gíríìn pẹ́pà, kùkúńbà, kẹ́ ẹ wá fi létúùsì àti àlùbọ́sà eléwé bo òkè, ẹyin lórí gbogbo ẹ̀. Ohun tó le ló ń gbé ohun tó fẹ́lẹ́ ró, tómi díẹ̀ bá sì jáde, ìdí kábéèjì ló máa lọ.
5. Ẹ bò ó, ẹ dá a padà sí fíríìjì títí ẹ máa fi gbé e jáde.
6. Kíríìmù kẹ̀? Orí tábìlì. Kálukú á fi sí tiẹ̀ bó ṣe fẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ po kíríìmù fúnra yín

Máyónéèsì ṣíbí ọbẹ̀ 4, wàrà olómi ṣíbí 2, fínígà ṣíbí 1, ṣúgà ṣíbí tíì 1, iyọ̀ fín-ín-fín. Ẹ rò ó pọ̀ títí á fi dán, ẹ gbé e sí fíríìjì. Èyí lẹ lè ṣe lálẹ́, kódà ó máa ń dùn sí i lọ́jọ́ kejì. Máyónéèsì inú ìgò ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ẹyin tútù lù nílé, sàláàdì tó máa jókòó lórí tábìlì páátì kọ́ ni ibi tó yẹ ká ti lo ẹyin tútù.

Ẹni tí ò fẹ́ kíríìmù: òróró ṣíbí 3 sí oje ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 1, iyọ̀ díẹ̀, ata gbígbẹ díẹ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ ń jẹ, ẹ máa fẹ́ràn eléyìí.

Tí iná bá lọ ńkọ́?

Ìbéèrè tó bọ́ sákòókò ni. Tí wọ́n bá mú iná lọ lóru, ẹ má ṣí fíríìjì. Tẹ́ ẹ ò bá ṣí i, ó lè tutù fún nǹkan bíi wákàtí 4. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé àdúgbò yín kì í ríná mọ́jú, ẹ ra áìsì bulọ́ọ̀kù nírọ̀lẹ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì kó má bàa jò, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ kúlà, ẹ fi aṣọ tàbí páálí dá a láàárín, kẹ́ ẹ wá to àwọn abọ́ sórí ẹ̀. Áìsì kò gbọ́dọ̀ fara kan létúùsì lójú kojú.

Tí ò bá sí fíríìjì tí ò sí áìsì, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi létúùsì sílẹ̀. Ẹ fọ kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì lálẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ lódindi, ẹ gbé wọn síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kẹ́ ẹ gé wọn láàárọ̀. Sàláàdì kábéèjì gidi ni, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé létúùsì dà.

Nígbà ààwẹ̀, àwọn tó fẹ́ fi sàláàdì ṣínu lè fọ ewé kí wọ́n sì gbẹ ẹ́ láàárọ̀ nígbà tí ara ṣì le, kí wọ́n wá gé e lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Bó ṣe máa pẹ́ tó lórí tábìlì

Wákàtí 2 ni, ó tán. Tí ooru bá mú débi tó ju 32°C lọ, irú ooru ọ̀sán abẹ́ kánópì oṣù kẹta yẹn, wákàtí 1 péré. Tí òde bá pọ̀, ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí abọ́ méjì mẹ́ta, kí àwọn tó kù máa wà nínú kúlà, tí ọ̀kan bá tán kẹ́ ẹ gbé òmíì wá. Ẹ má da tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí.

Èyí tí kíríìmù ti kàn tó sì ti pẹ́ níta, ẹ dà á nù. Ó máa ń dunni, mo mọ̀, àmọ́ owó oògùn ju owó létúùsì lọ. Èyí tí kò kan kíríìmù, tó sì ti wà nínú òtútù látàárọ̀, ẹ lè jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

- Kí wọ́n gbé ewé tútù sí ọ̀rá kí wọ́n so ó pa. Ó máa ń yọ̀ kílẹ̀ tó mọ́.
- Kí wọ́n gbé sàláàdì sí fírísà kó lè "tutù dáadáa". Yìnyín máa fọ́ ara ewé látinú, tó bá ti yọ́ kò ní le mọ́ láéláé.
- Kí wọ́n fi asẹ́ àti ọ̀bẹ tí wọ́n fi fọ adìyẹ ṣe é.
- Kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìrẹsì gbígbóná nínú kúlà kan náà lójú ọ̀nà òde. Kúlà tiẹ̀ ọ̀tọ̀ o.
- Kí wọ́n máa rò ó léraléra. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, kẹ́ ẹ fi ṣíbí méjì gbé e látìsàlẹ̀ wá sókè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun

Ní London tàbí Houston, létúùsì oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó rí roboto tó dì bíi kábéèjì ló máa ń pẹ́ jù láìrọ, èyí tó gùn náà dáa, àwọn ewé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà mọ́ra nínú ọ̀rá ló máa ń tètè rọ. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára ọ̀rá pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ àti pé ó ti ṣeé jẹ, ẹ má tún un fọ̀, ńṣe lẹ máa tún kó omi àti ìdọ̀tí ojú síǹkì yín bá a. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yí ewé kó lè gbẹ náà wà lọ́jà lọ́dọ̀ yín, ẹ rà á, ó tó owó tẹ́ ẹ máa san.

Kẹ́ ẹ tó lọ sùn lálẹ́ Sátidé, ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò

- Tíṣù wà lábẹ́ létúùsì, ó sì wà lókè ẹ̀
- Ẹyin ti tutù, ó ṣì wà nínú èèpo
- Àlùbọ́sà wà nínú abọ́ tiẹ̀, ìdérí ẹ̀ dé pinpin
- Kò síbi tí iyọ̀ tàbí kíríìmù ti kan ohunkóhun
- Ẹran tútù ò sí lórí sàláàdì nínú fíríìjì, kí omi ẹ̀jẹ̀ má bàa kán sí i
- Áìsì wà nílẹ̀, tí wọ́n bá mú iná lọ